Lẹ́yìn Géètì Ẹ̀gbọ́n

Nígbà tí dókítà ẹran dé ọ́fíìsì láàárọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ti fi bírò pa àdúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹlòmíì ló máa lọ síbẹ̀," ni ọ̀gá wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

Àjọ ilẹ̀ òkèèrè tó ń bá wọn gbógun ti ọ̀fìnkìn adìẹ, àrùn tó lè ran èèyàn, ti fún wọn ní ọkọ̀, aṣọ ìdáàbòbò àti òfin kan: ibi tí àrùn náà bá wọ̀, kí wọ́n pa gbogbo adìẹ ibẹ̀. Dókítà sì ti gbọ́ pé adìẹ ń kú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Owó ẹyin inú ọgbà adìẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn ni dókítà fi parí yunifásítì. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀.

Géètì wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó fi ìborùn bo imú.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí n ṣílẹ̀kùn fún agbófinró? Dúró síbẹ̀ yẹn."

"Mélòó ló ti kú?"

"Lọ bi àwọn òyìnbó rẹ. Ṣebí àwọn ló gbà ọ́ síṣẹ́ kí o máa ka òkú adìẹ kiri."

"Ohùn yín ti há."

"Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún méjì ni mo ti ń pariwo mọ́ ọ. Ṣé kò ní í há ni?"

Dókítà na ọwọ́ gba àárín irin géètì, ó ń wá ìkọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi, ó fọ́n omi sí i lọ́wọ́ láti ibi tó jókòó sí títí tó fi fa ọwọ́ yọ.

"Ọmọ tí mo pọ̀n," ló wí. "Máa lọ. N kò fẹ́ rí ọ níbí mọ́."

Dókítà ń lọ, ó ń bọ̀ lójú títì, omi ń kán lápá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yọ fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a padà sápò. Bó bá pè, òun ló run oko adìẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí kò bá pè, gbogbo àdúgbò ńkọ́?

Ó pe nọ́ńbà àjọ. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Ó sọ ojúlé ilé náà, ó sì ní adìẹ ń kú níbẹ̀.

"Ẹ dúró ná, mà." Ìwé ń dún létí fóònù.

"Ilé yẹn ti wà lọ́wọ́ wa láti ìdájí, mà," ni akọ̀wé wí, "ìyá tó ni ín ló pè wá fúnra wọn, wọ́n ní ibà ti ń mú àwọn láti ìjẹta, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń lọ gbé wọn, wọ́n sì bẹ̀ wá gan-an pé ká má jẹ́ kí àbúrò àwọn dé ẹnu géètì yẹn."