Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná Wọlé-wọlé

Ẹ sún mọ́ ibí, kí n rò fún yín ohun tí ojú wọlé-wọlé kan rí ní Ayétòrò.

Àgbàlá tó bá wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbígbẹ ló ń bá a. Táyà àlòkù tí wọ́n ń kó gba bọ́dà wọlé, tí ẹ̀fọn abilà tó ń jẹni lọ́sàn-án ń yé sí, ti pòórá.

“Wọlé-wọlé, ẹ rí i pé a gbọ́ràn,” ni ìyá kan wí. “Ẹ bá wa kí ìyàwó yín o.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú wọlé-wọlé náà dùn pé ẹ̀fọn kò ríbi yé sí mọ́, nítorí ibà tuntun tí ẹ̀fọn yìí gbé dé ló dá Toheebat ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀.

Nígbà tó délé, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ibi tí kì í dé, lọ já efinrin fún ọmọ. Táyà gbogbo àdúgbò ló bá níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n dé ojú fèrèsé Toheebat, tanwíjí ń jó nínú omi wọn.

“Ta ló kó wọn síbí?”

“Èmi ni, Bàbá Toheebat,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. “Ó ti tó oṣù kan. Àwọn aládùúgbò ní ilé yín nìkan lẹ kì í yẹ̀ wò.”

“Ẹ̀fọn tí mò ń wí ńkọ́?”

“Mo ṣe bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba lásán ni.”

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wọ́n gbọ́ Toheebat nínú yàrá, ó ń gbá ẹ̀fọn lára.

Ìyá Toheebat fúnra rẹ̀ ló rò ó fún mi.