Aṣọ fún Tòmátì

Ìyá àgbà ń sáré láti ilé lọ sóko, láti oko padà sílé. Ìbílọlá, ọmọ rẹ̀, ti sọ fún un pé frost, òtútù dídì tó ń pa ewéko, máa bọ́ sí ìlú wọn, Airdrie ní Kánádà, lálẹ́ òní, bẹ́ẹ̀ tòmátì tí wọ́n fẹ́ tà kò tíì pọ́n tán. Gbogbo kúbùsù ilé ni wọ́n ti fi bo àwọn ebè kí òtútù má baà pa tòmátì. Ó ku ebè kan tí wọn kò tíì bò.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kúbùsù ti tán.”

Ìyá àgbà wọlé, ó sì gbé aṣọ òfì kan tí kò ró rí jáde.

Ìbílọlá dì í lọ́wọ́ mú. “Ṣé ẹ ò ní èyí la máa fi sin yín ni?”

“Òkú kì í mọ òtútù. Di etí kejì mú.”