Ó Pààrọ̀ Sàlẹ́ńsà, Kò Gbọ́ Ohùn Ìyàwó Rẹ̀ Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Kò gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù, àti ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń fi ọ̀dà kun ilé. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ibi iṣẹ́ àwọn méjèèjì jìn, ọkọ̀ èrò sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Wọ́n pinnu pé àwọn yóò ra alùpùpù.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti rí i. Àlòkù ni, àmọ́ alùpùpù ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò jíjìn, tó sì tún lè sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀. Àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bàbá náà tan án, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ láì gbé ohùn sókè.

"Orúnkún mi ló ní kí n tà á," ni bàbá náà wí. "Òun ni mo fi ń gbé ìyàwó mi. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò lára ẹ̀, mi ò sì fi nǹkan kan kún un. Bí wọ́n ṣe ṣe é náà nìyí."

Ìyá Ìbejì ti gun ẹ̀yìn, ó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ òun dé ibi ìgbésẹ̀lé.

"Ó bá mi mu," ni ó wí. "Bàbá Ìbejì, ẹ sanwó fún wọn."

2.

Wọ́n gbádùn rẹ̀. Nínú ilé, àwọn ìbejì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀, torí náà orí alùpùpù ni tọkọtaya náà ti ń ṣèpàdé. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti ń sọ ẹni tó jẹ́ kí búrẹ́dì jóná, ẹni tó ń bá ọ̀gá jà, aṣọ tí kò gba ọmọ mọ́. Bó bá rí kòtò níwájú, á ní, "Kòtò o, Bàbá Ìbejì," ọkọ rẹ̀ á sì yà fún un.

3.

Àwọn tó ní alùpùpù ńlá máa ń pàdé nídìí ilé epo kan. Bàbá Ìbejì gbé tirẹ̀ débẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Eléèfín, tẹ́tí sí i.

"Ṣé ó ti tàn?"

"Ó ti tàn."

"Háà. Mo rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ gbé wá ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún.

Kò pẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí Eléèfín júwe. Wọ́n yọ sàlẹ́ńsà, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n fi èyí tó kúrú, tó ń bú ramúramù, rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì tún fọwọ́ kan ìbòrí ṣéènì.

"Ọ̀gá, èyí ló ń sọ ọ́ di alùpùpù arúgbó. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, kí ṣéènì máa dán síta."

"Kò ní ṣe nǹkan kan?"

"Kí ló fẹ́ ṣe?"

Wọ́n yọ ọ́.

4.

"Bàbá Ìbejì, mi ò gbọ́ ara mi mọ́ lórí nǹkan yìí." Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé ìwàásù lo fẹ́ ṣe lórí ẹ̀ ni?"

"Ọkọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Ilé rèé. Sọ̀rọ̀."

"Tí mo bá fẹ́ kí ẹ dúró ńkọ́?"

"Gbá mi lẹ́yìn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí eré bá ti pọ̀ jù, ìyàwó á gbá a lẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń dẹ eré. Nígbà tó yá, ó sú u. Ó sọ fún Eléèfín pé, "Ìyàwó mi ti sọ ẹ̀yìn mi di ilẹ̀kùn." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

5.

Òjò ń ṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá Ìbejì wọ ẹ̀wù òjò gígùn. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì ńlá, bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ já, atẹ́gùn sì ń fẹ́ etí ẹ̀wù náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dúró kí òun lè so ó. Ó pè é. Ó tún pè é. Ó gbá a lẹ́yìn.

Bàbá Ìbejì mọ̀ ọ́n lára. Ó rò pé ọ̀rọ̀ eré náà ló tún dé. Ó ju ọwọ́ òsì sẹ́yìn bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó fi kún eré.

Ìyàwó tún gbá a, kíkankíkan. Lẹ́yìn náà, kò gbá a mọ́.

Ẹ̀wù ti wọ inú ṣéènì níbi tí ìbòrí wà tẹ́lẹ̀. Ó fà á lulẹ̀ sójú títì.

Ní ilé ìwòsàn, ó ṣì lè sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

Ìyàwó wò ó.

"Mo pè yín," ni ó wí. "Mo pè yín títí."

Kò padà sílé.

Àwọn ará ilé epo wá kí ọkọ rẹ̀. Òpópónà kejì ni wọ́n gbé alùpùpù wọn sí, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá. Bí wọ́n ṣe jókòó, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá béèrè ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ ibi tó wà.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Bí ẹ bá ra alùpùpù àlòkù, táyà, bíréèkì àti ṣéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun lára ẹ̀, ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa gbowó yíyọ ẹ̀. Ẹ má torí ẹ̀rín àwọn tí ẹ kì í gbé fi ẹ̀mí ẹni tí ẹ ń gbé wewu. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń wá alùpùpù rà.

Lọ́la, kí ẹ tó jáde, ẹ tan alùpùpù yín, kí ẹ ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn pe orúkọ yín. Bí ẹ ò bá gbọ́, ẹ má gbéra.