Ẹni Tó Ni Sàréè Ẹ̀yìnkùlé

Ilé tí Bámidélé àti Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ fẹ́ rà ní Matteson, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, dára, kò sì wọ́n. Yàrá mẹ́rin ló ní, igi ńlá kan sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Lábẹ́ igi náà ni sàréè kan wà, òun ló mú kí àwọn òyìnbó máa sá fún ilé náà. Obìnrin kan láti ẹ̀yà Potawatomi, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n sin síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ìjọba tó lé wọn kúrò.

Ọdún 1989 ni. Òfin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ náà lórí irú sàréè bẹ́ẹ̀, ìjọba kò sì fẹ́ kí ilé yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí tọkọtaya náà kọ́kọ́ máa gbé ibẹ̀ títí ìgbà òtútù yóò fi dé. Kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún ẹbí òkú nígbàkúùgbà. Aṣojú ìjọba yóò yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé di tiwọn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò padà sí fúláàtì oníyàrá kan tí wọ́n ti kó jáde ní Chicago, àwọn àti ọmọ mẹ́ta, pẹ̀lú Màmá Àrìnkẹ́, ìyá Bámidélé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé.

Màmá wo sàréè náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Èyí náà ló ń lé òyìnbó sá? Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣebí ojú fèrèsé mi la sin ín sí."

"Màmá, ibí kì í ṣe Ìsẹ́yìn."

"Mo mọ̀. Òtútù ti sọ fún mi."

Obìnrin àgbà kan ló kọ́kọ́ wá, ní àárọ̀ Sátidé kan. Súwẹ́tà rẹ̀ ti gbó. Ó di irun rẹ̀ tó ti funfun ní ìdì gígùn kan, ó jẹ́ kó wọ́ sẹ́yìn. Ó ní òun wá rí sàréè. Sìmíátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù òru dé láti ọsibítù, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ tán kó tó rántí ibi tó wà.

"Ẹ má bi í ní nǹkan kan," ni Màmá wí. "Nílé bàbá mi, a kì í da ìbéèrè bo ọlọ́fọ̀."

Obìnrin náà rìn yí sàréè ká. Ó fọwọ́ ti ọgbà tó yí i ká wò bóyá ó dúró dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí omi òjò ń gbà. Ó bèèrè lọ́wọ́ Bámidélé pé ta ní ń gé koríko, níbo sì ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Iwájú ilé ni, mà. Màmá mi ti fòfin dè wọ́n."

Màmá gbé ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ síwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí omi fi ń dà lójú àlejò. Màmá rọra ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn.

"Ẹ sunkún, ìyá. Ó tọ́ kí ẹ sunkún."

"Màmá, ata ni," ni Bámidélé wí.

Àlejò náà rẹ́rìn-ín, ó mu omi, ó sì tún bu ẹran. Ó padà wá lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì tún padà wá. Màmá a máa bá a sọ Yorùbá, òun náà a máa fi èdè òyìnbó dá a lóhùn, kò sì sí èyí tó ń yára nínú wọn.

Obìnrin àgbà náà wà lábẹ́ igi pẹ̀lú Màmá lọ́jọ́ tí mọ́tò dúdú kan dúró síwájú ilé. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó de fìlà, ó gbé báàgì aláwọ dúdú lọ́wọ́.

"Ìjọba dé," ni Bámidélé wí.

"Bàbá Mùstàfá, ẹ lọ wọ ṣòkòtò gidi!" ni Sìmíátù wí fún ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò wo ilé. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, òun yóò sì fẹ́ dá nìkan wà níbẹ̀.

Bámidélé gba ojú fèrèsé wo ẹ̀yìnkùlé, ó yíjú padà sí àlejò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní àyè díẹ̀. Ẹni tó ni òkú wà níbẹ̀."

"Ẹni tó ni òkú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Tó bá ṣetán, ẹ ó wọlé."

Ọkùnrin náà gba ojú fèrèsé wo obìnrin tó wà lábẹ́ igi. Ẹnu rẹ̀ ṣe bí ti ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé orí yín pé ṣá?" ni Sìmíátù fi Yorùbá sọ. "Ìjọba lẹ ń dá dúró! Ilé ń lọ o!"

"Kó máa lọ. Ṣé kí n wá lé arúgbó kúrò lórí sàréè ìyá ńlá rẹ̀ ni?"

Màmá wọlé wá gbé tíì. "Ta nìyí?"

"Ìjọba ni."

"Kó jókòó. Òkú kì í ṣe ti ìjọba."

Ọkùnrin náà bèèrè ohun tí ìyá àgbà sọ.

"Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, sà."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó. Nígbà tí obìnrin náà gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé lọ tán, ọkùnrin náà jáde lọ sábẹ́ igi, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀.

"Kò kọ nǹkan kan," ni Sìmíátù wí. "Ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, ìjọba pè wọ́n sí ọ́fíìsì kan ní Chicago. Bámidélé wọ kóòtù tó fi ṣègbéyàwó. Màmá ní dandan ni kí òun bá wọn lọ. Wọ́n pè wọ́n wọlé.

Obìnrin onísúwẹ́tà náà ló jókòó sórí àga aṣojú ìjọba, tó gbé òǹtẹ̀ lọ́wọ́ tó ń rẹ́rìn-ín sí Màmá, ọkùnrin onítáì sì dìde láàárín àwọn ẹbí òkú, ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá ńlá wa, àwọn wọ̀nyí ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n dá dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn nílé wọn."