Kí Ẹsẹ̀ Màmá Má Kan Ilẹ̀

Lọ́dún 1966, ìyá Adégbénró ti Ṣakí wá sí ilé ọmọ wọn ní Agbówó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: Adégbénró gbọ́dọ̀ fẹ́ ìyàwó kejì, nítorí Mùsílímátù kò tíì bímọ. Wọ́n ti rí ọmọbìnrin náà, Zùwáírátù. Ó ku kí wọ́n padà lọ mú un wá.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n yọ̀ ṣubú lórí omi ọṣẹ tí Mùsílímátù dà sẹ́yìnkùlé. Eegun kankan kò ṣẹ́; ìbàdí wọn kàn wú ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ń wo Mùsílímátù bákan, òun náà kò sì lè gbójú sókè.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ Màmá kan ilẹ̀ mọ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n lórí ibùsùn kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń yí wọn láìjẹ́ kó dùn wọ́n.

"Jẹ́ n bá ẹ ṣa ẹ̀wà," Màmá bẹ̀ ẹ́.

"Ká má rí i, Màmá. Kí wọ́n ní mò ń fi ìyá ọkọ mi ṣiṣẹ́?"

Ìyá Mojí, ará ilé wọn, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá Ṣakí, ẹ ti di ọmọ tuntun! Ìyàwó yín ò ní pẹ́ pọ̀n yín sẹ́yìn."

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Adégbénró bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé kò yẹ kí Màmá ti máa rìn?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Lẹ́yìn Iléyá, ibùsùn sú Màmá. Wọ́n ní Ṣakí làwọn ń lọ, wọ́n dìde dúró. Kí wọ́n tó ṣubú ni eegun itan wọn ti dá.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ọsibítù, dókítà gbé fọ́tò eegun náà sókè sí iná. "Eegun tí kò bá gbé ara ró, ńṣe ló máa ń fúyẹ́. Àwọn òyìnbó tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì fò lọ sójú òfúrufú gan-an, ọ̀dọ́ alágbára ni wọ́n, síbẹ̀ eegun wọn máa ń dín kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò bá ti jẹ́ kí Màmá máa dìde."

"Ṣé wọ́n á tún rìn?" Adégbénró bèèrè.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

Mùsílímátù sunkún títí ìborùn rẹ̀ fi tutù.

"Ẹ má sunkún mọ́, ìyáàfin," ni dókítà wí. "Ìfẹ́ ló mú yín ṣe é. Ẹ ò mọ̀ ni."

Adégbénró ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mùsílímátù wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gba ọsibítù tí òun ti ń ṣiṣẹ́ lọ, níbi tó ti jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa àwọn tó ti pẹ́ lórí ibùsùn dìde, kí eegun wọn má bàa tán.