Àwọn Tó Láṣẹ Láti Rí Orúkọ Ẹni Tí Wọ́n Máa Lé

Gbogbo òṣìṣẹ́ ti fura: ọ̀gá àwọn òǹtajà ti rí orúkọ àwọn tí iléeṣẹ́ máa lé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ láti àárọ̀.

Ó wọlé tọ àǹtí kọ̀ǹpútà, ẹni tó máa ń tò ó sórí ẹ̀rọ pé ìlà báyìí nínú ìwé iléeṣẹ́ ni lágbájá lè rí, ìlà báyìí ni tàmẹ̀dò.

"Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rí orúkọ yín. Mo wá tèmi títí, mi ò rí i. Orí mi ò gbàbọ̀dè!"

Àǹtí ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

"Kí ẹ tó palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ ka àwọn tó láṣẹ láti wo ìwé yẹn fún mi. Kì í ṣe ohun tí gbogbo èrò ń wò."

Àǹtí ń kà á jẹ́jẹ́. "Olùdarí ń rí gbogbo ìlà. Akọ̀wé àgbà ń rí gbogbo ìlà."

"Èmi ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n ya àyè tiyín sọ́tọ̀, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀."

Ọ̀gá òǹtajà tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ẹ ò rí i? Wọ́n mọ iyì mi! Kí ni wọ́n ní kí ẹ kọ síbẹ̀?"

Àǹtí yí ojú kọ̀ǹpútà sí i kó fúnra rẹ̀ kà á.

"Kó máa rí ìlà gbogbo èèyàn, àfi ìlà tirẹ̀."