Igun Kan Tí Ọ̀yà Kò Fi Sílẹ̀

Àlọ́ mi rèé o, ó balẹ̀ sí oko àgbàdo Ehoro àti Ọ̀yà aládùúgbò rẹ̀.

Kòkòrò ń jẹ oko àwọn méjèèjì. Ehoro wá oògùn tí wọ́n fi oró kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ṣe, ó bù fún Ọ̀yà.

"Má fín gbogbo oko o. Àwọn kòkòrò kan wà tí oògùn yìí kì í pa. Fi igun kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń pa, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa fẹ́ra. Oògùn á ṣì máa pa ọmọ wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, kí n máa bọ́ olè?"

Ehoro sọ ọ́ títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ọ̀yà fín gbogbo oko pátá.

Ìwọ̀nba kòkòrò tí kò kú fẹ́ ara wọn. Ọmọ wọn ń jẹ ewé, wọ́n ń kọrin:

Oògùn yìí dùn o.
*Jàǹjàn.*
Ó dùn ju iyọ̀ lọ.
*Jàǹjàn.*

Wọ́n jẹ oko Ọ̀yà tán, wọ́n rọ́ wọ oko Ehoro. Ọ̀yà sáré dé.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín o! Ẹ jẹ́ ká tún fín sí i!"

Ehoro ju oògùn nù. Gbogbo rẹ̀ sú u.

"Igun kan péré ni mo ní kí o fún wọn nínú oko rẹ, Ọ̀yà. O wá fún wọn ní gbogbo tèmi."